“A Kì Í” àti “Kò Gbọdọ̀”: Bí Òfin Ẹja Pípa Ṣe Ń Sọ̀rọ̀ ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí ẹnì kan bá gbé òfin kan fún yín lónìí, tí ó ní kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn apẹja, kí ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìtumọ̀ yín dára? Ṣé nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ti di Yorùbá ni? Àbí nítorí pé àmì ohùn pé lórí rẹ̀? Ohun méjèèjì dára, ṣùgbọ́n wọn kò tó. Lójú tèmi, ìtumọ̀ òfin kò tíì parí títí ẹni tí òfin náà wà fún yóò fi lè lò ó. Ó gbọ́dọ̀ lè mọ ẹni tí òfin ń bá wí. Ó gbọ́dọ̀ lè mọ ibi tí òfin ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ó sì gbọ́dọ̀ lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá rú u.

Òfin tí mo ní lọ́kàn ni Òfin Ìpẹja Orí Òkun tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1992. Ọ̀kan nínú ohun tí ó sọ ni pé àwọn ọkọ̀ tírọ́là, ìyẹn àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n lẹ́yìn ara wọn nínú òkun, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní máìlì orí òkun márùn-ún àkọ́kọ́ láti etí ilẹ̀. Omi tó wà láàrin etí ilẹ̀ sí ibẹ̀, àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Òfin náà ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tí ó sì wà láti dáàbò bò, èdè Ìlàjẹ ló ń sọ nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó wo oríṣi òfin méjì tí ó wà ní etí òkun Ìlàjẹ, òfin ilé àti òfin ìjọba. A ó wo gírámà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò, a ó sì gbìyànjú láti fi Yorùbá tí apẹja lè lò sọ òfin ìjọba. Gbólóhùn àpẹẹrẹ tí mo fi nọ́ńbà sí, èmi fúnra mi ni mo hun wọ́n ní Yorùbá àjùmọ̀lò, kí a lè rí ìhun wọn kedere.

Ibi tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀

Ìlàjẹ ni ìpẹ̀kun ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ìhà gúúsù. Igbókòdá ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Láti ibẹ̀, ojú omi ni èèyàn ń gbà dé ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé tó wà létí òkun. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ máa ń ya apá kan etí òkun yìí sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín etí òkun Nàìjíríà sí ìsọ̀rí. Wọ́n ń pè é ní etí òkun ẹrọ̀fọ̀ ti Màhìn, nítorí pé ẹrọ̀fọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀ ju iyanrìn lọ. Ẹni tó bá mọ etí òkun Èkó nìkan lè rò pé gbogbo etí òkun ló ní iyanrìn tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹrọ̀fọ̀ yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí òkun tètè máa jẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ ti lè gbọ́ nípa Ayétòrò, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ dá sílẹ̀ ní ọdún 1947. Òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé àti ojú ọ̀nà lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ibi tí ilẹ̀ parí sí yóò tún padà wá nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ máìlì márùn-ún.

Iṣẹ́ ẹja ni iṣẹ́ ńlá níbẹ̀. Ọkùnrin a máa gbé ọkọ̀ lọ sójú òkun láti dẹ àwọ̀n tàbí ju ìwọ̀. Obìnrin a máa gba ẹja létí omi, wọn a sì yan án kí ó tó dé ọjà. Agbódó àti ṣàwá wà lára ẹja tí wọ́n ń pa, edé àti akàn náà sì wà níbẹ̀. Ìyá àgbà mi ta ẹja yíyan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó bá rí agbọ̀n tí ẹja inú rẹ̀ kéré jù, gbólóhùn kan ló máa ń sọ: “Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n kó wá yìí o.” Kò ka ìwé òfin kankan, ṣùgbọ́n ohun tí òfin ń lé gan-an ló sọ yẹn.

Òfin ilé: “a kì í” àti èèwọ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí Yorùbá ṣe ń ka nǹkan léèwọ̀. Ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ló wà:

(1) Má jí ẹja inú àwọ̀n ẹlòmíràn.
(2) Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jí ẹja inú àwọ̀n ẹlòmíràn.
(3) A kì í jí ẹja inú àwọ̀n ẹlòmíràn.

Gbólóhùn àṣẹ ni (1). Ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ wà níwájú wa, òun nìkan ni a sì ń kìlọ̀ fún. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, àṣẹ náà bá a lọ. Gbólóhùn (2) gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. “Ẹnikẹ́ni” ni olùwà rẹ̀, “kò gbọdọ̀” sì fi hàn pé agbára kan wà tó ń de èèyàn lọ́wọ́. Ẹni tó gbọ́ ọ lè béèrè pé: ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí mo bá ṣe é?

Gbólóhùn (3) ni ó yani lẹ́nu jù. Nínú kíláàsì, wọ́n kọ́ wa pé “kì í” ni ìyísódì ibá ìṣẹ̀lẹ̀ bárakú, pé “ó máa ń lọ” ni ó di “kì í lọ.” Bí a bá tẹ̀ lé ìyẹn, gbólóhùn (3) kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni rárá. Ó kàn ń ròyìn pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ láàrin wa ni. “A” tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èmi àti ìwọ nìkan, gbogbo ẹni tó bá jẹ́ èèyàn láwùjọ náà ni. Nítorí náà, ẹni tó bá jí ẹja ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú “a” yẹn. Ìjìyà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ, kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kàn án.

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá òfin àti èèwọ̀ rìn pẹ̀lú. A máa ń rú òfin, a máa ń lu òfin, a sì máa ń tàpá sí òfin. Láti ara wọn ni a ti rí “arúfin” àti “lùfin.” Ṣùgbọ́n èèwọ̀, jíjẹ ni à ń jẹ ẹ́. “Ó jẹ́ èèwọ̀” túmọ̀ sí pé nǹkan náà ni a kà léèwọ̀. “Ó jẹ èèwọ̀” túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti ṣe ohun tí a kì í ṣe. Ohùn kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Òfin wà níta, a lè lù ú kí a sì sá lọ bí kò bá sí ẹni tó rí wa. Èèwọ̀ ti wọ inú ẹni tó jẹ ẹ́, kò sí ibi tó lè sá sí.

Ìdí nìyí tí òfin ilé fi lè ṣiṣẹ́ lójú òkun, níbi tí kò sí ọlọ́pàá. Àwọn ará Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ mọ Ayélála dáadáa, òrìṣà tí a ń fi búra, tí a sì ń ké pè sí olè àti òpùrọ́. Òkìkí rẹ̀ kàn dé Ẹdó. Bí wọ́n bá ké pe Ayélála sórí àwọ̀n tí wọ́n jí, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹlẹ́rìí. Ẹ gbà á gbọ́ tàbí ẹ má gbà á gbọ́, ohun tó kan àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́ òfin náà yé, ó sì mọ ẹni tó ń bá wí.

Kì í ṣe Ìlàjẹ nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní etí òkun Gánà, àwọn apẹja Gà àti Fante kì í lọ sójú òkun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òfin yẹn kò nílò ìwé, nítorí pé ọjọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ ni wọ́n so ó mọ́. Nígbà tí ìjọba Gánà wá fẹ́ kí òkun sinmi ní ọdún 2019, wọ́n ti òkun pa fún àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré láti ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹfà. Ọ̀pọ̀ apẹja ló kọ́kọ́ kùn sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ tàbí ìgbà tó parí. Kàlẹ́ńdà rọrùn láti túmọ̀. Ìwọ̀n ojú omi ló nira.

Òfin ìjọba: kí ló dé tó fi jẹ́ máìlì márùn-ún?

Kí a tó túmọ̀ òfin, ẹ jẹ́ ká mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹja òkun kì í gbé ìgbà èwe wọn nínú ibú. Ẹnu odò, níbi tí omi iyọ̀ ti ń pàdé omi tí kò níyọ̀, àti abẹ́ igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò rẹ̀ ń ta kiri nínú omi, ni wọ́n ti ń dàgbà. Ibẹ̀ ni oúnjẹ wà, ibẹ̀ sì ni ẹja ńlá kò ti lè tètè rí wọn jẹ. Agbódó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Omi tó sún mọ́ ilẹ̀ ni ilé ìtọ́mọ ẹja, kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tírọ́là tó bá wọ́ àwọ̀n rẹ̀ kọjá níbẹ̀ kò lè ṣa àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ. Ó tún lè tú ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ká.

Ìdí kejì kan àpò apẹja. Apẹja a máa dẹ àwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ lójú omi, yóò sì dúró dè é tàbí kí ó lọ, kí ó sì padà wá gbé e. Bí ọkọ̀ ńlá bá gba ibẹ̀ kọjá lóru, yóò já àwọ̀n náà tàbí kí ó fà á lọ. Ẹni tó fi owó àjẹsílẹ̀ ra àwọ̀n kò ní gba gbèsè rẹ̀ padà lọ́wọ́ ìgbì.

Òfin náà tún dá sí ojú àwọ̀n. Àwọn ìlànà tó wà lábẹ́ rẹ̀ sọ pé ní ìdí àwọ̀n tírọ́là, níbi tí ẹja ń kó jọ sí, ojú àwọ̀n kò gbọdọ̀ kéré ju mìlímítà 76 lọ fún ẹja, àti mìlímítà 44 fún edé. Ó tún ka fífi ohun abúgbàù àti májèlé pa ẹja léèwọ̀. Ìyẹn kan ọkọ̀ ńlá, ó sì kan ọkọ̀ kékeré.

Ìṣòro kìíní: ta ni òfin ń bá wí?

Ẹ jẹ́ ká túmọ̀ òfin máìlì márùn-ún ní ọ̀nà tó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn:

(4) A kò gbọdọ̀ pẹja pẹ̀lú ọkọ̀ tírọ́là láàrin máìlì márùn-ún.

Kò sí àṣìṣe gírámà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò pé orí rédíò ni ẹ ti gbọ́ ọ, tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. “A kò gbọdọ̀ pẹja” ni ẹ kọ́kọ́ gbọ́. “A” sì lè jẹ́ àwa tí à ń gbọ́rọ̀. Òfin tó wà láti dáàbò bo apẹja ti di ohun tó ń lé e kúrò lójú omi. “Láàrin máìlì márùn-ún” náà kò sọ ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ohun tí a kọ́ nípa gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ ni yóò gbà wá níhìn-ín:

(5) Láti etí òkun títí dé máìlì márùn-ún, ọkọ̀ tírọ́là ni kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀.

“Ni” yẹn kéré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Ó fa ọkọ̀ tírọ́là síwájú, ó sì fi hàn pé òun ni a ń bá wí, kì í ṣe ọkọ̀ kékeré. Ẹni tó bá gbọ́ ìdajì gbólóhùn náà ti gbọ́ ìdajì tó wúlò.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè tún wà níbẹ̀. Nínú ìpínsísọ̀rí ẹ̀ka-èdè Yorùbá tí Abíọ́dún Adétugbọ̀ ṣe ní ọdún 1967, Ìlàjẹ bọ́ sí ìsọ̀rí Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Orúkọ Ugbò, ìlú ọba ńlá kan ní Ìlàjẹ, ti fi ara rẹ̀ hàn bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kì í fi “u” bẹ̀rẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Ohun tó kàn wá jù níbí ni pé nínú àwọn ẹ̀ka-èdè ìsọ̀rí yẹn, ìyàtọ̀ tó wà láàrin “ẹ” àti “wọ́n” ti parẹ́ ní àwọn ipò kan, tí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fi lè dúró fún ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ àti ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí a bá gbé òfin wa ka orí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ, tí ẹnì kan sì tún un sọ ní Ìlàjẹ, “wọn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀” lè dọ́gba pẹ̀lú “ẹ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.” Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rọrùn: nínú òfin, ẹ fi ọ̀rọ̀-orúkọ ṣe olùwà, ẹ má bẹ̀rù àtúnsọ.

Bí ó bá sì jẹ́ pátákó ni a fẹ́ kọ ọ́ sí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì sí i. “OKO NLA KO GBODO WO IBI” lè jẹ́ ọkọ̀ ńlá, ó sì lè jẹ́ ọkọ ńlá. Ìyàwó tó bá kà á lè ní òun ti ń sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ìṣòro kejì: níbo ni máìlì márùn-ún dé?

Máìlì orí òkun kan jẹ́ mítà 1,852, ó gùn ju máìlì orí ilẹ̀ lọ. Márùn-ún rẹ̀ jẹ́ kìlómítà mẹ́sàn-án àti díẹ̀, 9.26 gan-an. Lórí ilẹ̀, a lè fi òkúta sàmì sí i. Lójú òkun, kí ni a ó fi sàmì? Ìtumọ̀ tó bá dúró sórí “máìlì márùn-ún” kò tíì sọ ohun kan tí ojú tàbí ọwọ́ lè wọ̀n.

Mo gbìyànjú láti wá àmì tí apẹja lè lò láìní ẹ̀rọ. Ayé rí róbótó, nítorí náà bí a bá ń jìnnà sí ilẹ̀, ìsàlẹ̀ nǹkan ló máa ń kọ́kọ́ rì lójú wa, orí rẹ̀ a sì kẹ́yìn. Bí apẹja bá jókòó sínú ọkọ̀, tí ojú rẹ̀ fi mítà kan ga ju omi lọ, ní máìlì orí òkun márùn-ún, nǹkan bíi mítà méjì láti ìsàlẹ̀ ni yóò ti rì lára ohun tó wà létí omi. Èyí ni pé èèyàn tó dúró sétí omi ti rì tán. Ṣùgbọ́n orí igi àgbọn ṣì hàn bí ojú ọjọ́ bá mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kéré gan-an. Igi tó ga tó mítà 15 kò ní tó nínípọn igi ìṣáná tí a nà síwájú ojú. Nítorí náà a lè sọ ọ́ báyìí pé: bí ilẹ̀ ẹsẹ̀ ilé bá ṣì hàn sí ọ kedere láti inú ọkọ̀ rẹ, o kò tíì kúrò nínú omi tí òfin fi sílẹ̀ fún ọ.

Àmì yìí ní àbùkù méjì. Kò wúlò lóru, òru sì ni ọ̀pọ̀ àwọ̀n máa ń já. Bí òkun bá sì ń jẹ ilẹ̀, igi àgbọn tí bàbá fi sàmì lè má sí níbẹ̀ mọ́ fún ọmọ. Nítorí náà a nílò àmì kejì, ìyẹn àkókò. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń sá kìlómítà 10 ní wákàtí kan yóò lò tó ìṣẹ́jú 56 kí ó tó rin máìlì márùn-ún, bí ó bá kọjú sí ibú tààrà. Ẹni tó mọ bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń sáré lè ṣe ìṣirò tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni fóònù. GPS inú fóònù máa ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì lè tọ́jú ibi tí a wà pamọ́. Àmì méjì àkọ́kọ́ wà fún ìfojúbù, ẹ̀kẹta ni a lè gbé lọ sí ọ́fíìsì.

Ìṣòro kẹta: báwo ni a ṣe ń wọn ojú?

Yorùbá ti fún wa ní ọ̀rọ̀ tó dára: ojú àwọ̀n. Ṣùgbọ́n “mìlímítà mẹ́rìndínlọ́gọ́rin” kò ní wọ etí ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá wò ó dáadáa, mìlímítà 76 jẹ́ ínṣì mẹ́ta, mìlímítà 44 sì sún mọ́ ínṣì kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹni tó ń ra àwọ̀n ní ọjà mọ ínṣì. Ohun tó kù láti sọ ni ọ̀nà ìwọ̀n rẹ̀: fa ojú àwọ̀n kan gùn títí tí yóò fi tẹ́, kí o wá wọ̀n ọ́n láti kókó kan dé kókó tó kọjú sí i. Bí a kò bá sọ èyí, ẹnì kan lè wọn ẹ̀gbẹ́ kan ojú àwọ̀n, kí ó sì rò pé ìdajì ohun tí òfin ń béèrè ló wà lọ́wọ́ òun.

Ọjọ́ tí àwọ̀n bá já

Ibí ni gírámà ti di ọ̀rọ̀ owó àti oúnjẹ. Ẹ wo ẹ̀sùn méjì yìí:

(6) Ọkọ̀ ńlá kan já àwọ̀n mi lóru àná.
(7) Lóru àná, ní nǹkan bí aago méjì, ọkọ̀ tírọ́là kan gba orí àwọ̀n mi kọjá. Ìrìn ogójì ìṣẹ́jú ni ibẹ̀ sí etí ilẹ̀ wa. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà nìyí.

Ìrora ẹni tó sọ (6) kò kéré sí ti ẹni tó sọ (7). Gbólóhùn (6) pé: ó ní olùwà, ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ní àbọ̀. Lábẹ́ òfin ilé, ó tó láti fi gbé ẹjọ́ lọ bá àgbà, nítorí pé ẹni tó ṣe é àti ohun tó ṣe ni òfin ilé ń béèrè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí àwọ̀n tó já ni òfin máìlì márùn-ún dúró lé. Ohun tó sọ ni pé tírọ́là kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀ rárá. Ibi ni ọ̀rọ̀ náà wà. Nínú (6), ibi ni ọ̀rọ̀ tí a kò sọ. Apẹja lè wí òtítọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí òṣìṣẹ́ ọba sì máa wò ó bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan, nítorí pé kò fi ọwọ́ kan ohun kan ṣoṣo tí òfin lè dì mú.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan yóò sọ: ṣé gbólóhùn ni yóò dá tírọ́là dúró? Rárá o. Ọkọ̀ ọ̀lẹ́tọ́jú òkun àti òṣìṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò dá a dúró. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn kò lè wà níbi gbogbo lóru. Ojú tó wà níbẹ̀ ni ojú apẹja. Bí apẹja kò bá mọ̀ pé omi yẹn tirẹ̀ ni lábẹ́ òfin, yóò kó àwọ̀n tó já wálé, yóò sì pe ọ̀rọ̀ náà ní àmúwá Ọlọ́run.

Èyí ni mo fi kó gbogbo rẹ̀ jọ, ní ìwọ̀n tí akéde lè kà láàárín ìṣẹ́jú kan:

“Ẹ̀yin apẹja, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Láti etí òkun títí dé máìlì orí òkun márùn-ún, ọkọ̀ tírọ́là ni kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀. Ọkọ̀ kékeré lómi náà wà fún. Bí ọkọ̀ yín bá ń sá kìlómítà mẹ́wàá ní wákàtí kan, ìrìn tó tó wákàtí kan ni. Bí tírọ́là bá wọ ibẹ̀, ẹ wo aago, ẹ wo nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà, ẹ sì fi fóònù tọ́jú ibi tí ẹ wà. Ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ní ọ́fíìsì, kí ẹ tó sọ ohun tó bàjẹ́. Ọkọ̀ ńlá àti ọkọ̀ kékeré, kò sí èyí tó gbọdọ̀ fi májèlé tàbí ohun abúgbàù pa ẹja. A kì í pa ọmọ ọwọ́ inú omi.”

Ẹ ṣàkíyèsí pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fi “a kì í” parí rẹ̀. “Kò gbọdọ̀” ni mo fi bá ọkọ̀ ńlá wí, nítorí pé àjèjì ni lójú omi náà, agbára ìjọba ló lè dè é. “A kì í” ni mo fi bá ará ilé sọ̀rọ̀, nítorí pé òun wà nínú “a.”

Ìdánrawò

1. Ẹ tún ọ̀rọ̀ akéde òkè yìí kọ ní ẹ̀ka-èdè ilé yín. Àwọn ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ wo ló yí padà? Ṣé ẹni tí òfin ń bá wí ṣì hàn kedere?
2. Ẹ wá èèwọ̀ mẹ́ta tó jẹ mọ́ omi, oko tàbí ọjà ní ìlú yín. Mélòó nínú wọn ni àgbàlagbà fi “a kì í” sọ? Mélòó ni wọ́n fi “má” sọ?
3. Yàtọ̀ sí “jẹ,” “rú,” “lu” àti “tàpá sí,” ọ̀rọ̀-ìṣe wo ló tún ń bá òfin, èèwọ̀, ìlérí àti ẹ̀jẹ́ rìn? Ẹ to wọ́n, kí ẹ sì wò ó bóyá a lè gbé ọ̀kan fún èkejì.
4. Ẹ mú òfin ìjọba kan tí ìwọ̀n wà nínú rẹ̀: òfin eré sísá lójú títì, òfin ariwo, òfin pàǹtírí. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ láìlo nọ́ńbà kankan tí ẹni tó ń gbọ́ kò lè fi ojú, etí tàbí ọwọ́ wọ̀n. Ẹ fi ránṣẹ́ sí olóòtú wa, a ó jọ gbé e yẹ̀ wò nínú àtẹ̀jáde tó ń bọ̀.